Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà mọ́tò: Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́

Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì ní Òṣòdì, tó dorí kọ ọ̀nà Mile 2, kò ní í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ohùn kọ́ńdọ́ọ̀tọ̀: "Toyota wà o? Ẹ mú ṣéńjì yín dání!" Ibẹ̀ ni èrò Ládípọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti júwe ọjà náà fún àlejò. Òórùn ọ́ìlì dúdú ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀, ariwo irin yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn alágbàtà yóò yí i ká bí eṣinṣin ti í yí igbá ẹlẹ́ran ká. "Ọ̀gá mi, kí lẹ ń wá? Ẹ́ńjìnnì ni àbí gíábọ́ọ̀sì? Ẹ tẹ̀ lé mi, a ní in!" Bẹ́ẹ̀ àlejò kò tíì la ẹnu.

Ní Mushin, nílùú Èkó, ni Ládípọ̀ wà. Ẹ̀yà ara mọ́tò ni wọ́n ń tà níbẹ̀, tuntun àti tòkunbọ̀. Bí ẹ bá ti rí alápatà tó pa màlúù, tó gbé orí sọ́tọ̀, tó gbé ẹsẹ̀ sọ́tọ̀, tó gbé ẹ̀dọ̀ àti ṣàkì sọ́tọ̀, ẹ ti rí Ládípọ̀ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì jókòó sórí táyà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀kùn mọ́tò tò bí aṣọ òkè lọ́jà. Iná iwájú ń wo èèyàn bí ojú òwìwí. Ọmọ Íbò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi Yorùbá bú wọn o, nítorí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Láàárín gbogbo wọn ni àwọn ìyá olóúnjẹ, àwọn oníomi inú ọ̀rá àti àwọn ẹlẹ́ja yìnyín ti ń rí ti ara wọn ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, èèyàn mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ ní Toyota. Èkíní jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, fèrèsé alumíníọ̀mù ló ń ṣe. Èkejì ni mẹkáníìkì rẹ̀, àgbàlagbà tó ti fi ewú gba òye. Ẹ̀kẹta ni ìyá ọmọ náà, tó ń lọ ata ní Ìdí-Òro láti ogún ọdún ó lé. Ìyá yìí kò mọ mọ́tò wà. Ṣùgbọ́n owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ló wà ní ìdí ìró rẹ̀ yẹn, ó sì ti búra pé òun kò ní í fi owó náà rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Òrùlé ilé ló fẹ́ fi owó àjọ náà tún ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló wá bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà Ìbàdàn

Golf 4 GTI ni mọ́tò ọmọ náà, tòkunbọ̀ pupa kan tó fẹ́ràn bí ojú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8 oní-tọ́bò, agbára ẹṣin 150. Agbára tí ẹ́ńjìnnì náà fi ń yí nǹkan, tí àwọn ẹlẹ́rọ ń fi Nm wọ̀n, jẹ́ 210. Kí ó lè yé gbogbo wa: ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan mú sípánà tó gùn tó mítà 1, ó fi kọ́ nọ́ọ̀tì kan, ó wá so ẹrù tó tó kílò 21 mọ́ ìparí rẹ̀. Bí ẹrù yẹn ṣe ń fẹ́ yí nọ́ọ̀tì náà ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí.

Èyí kò tó ọmọ náà. Ó gbé mọ́tò lọ fún àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà tún ọpọlọ ẹ́ńjìnnì kọ. Nígbà tí wọ́n parí, 210 ti di nǹkan bíi 270. Ẹrù kílò 21 di kílò 27. Mọ́tò ń fò bí ẹṣin tó rí ejò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ kílọ́ọ̀ṣì bóyá òun náà gbà.

Ní oṣù kan lẹ́yìn náà, ó ń lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tó kọjá Ṣàgámù, ó fẹ́ ya tírélà kan sílẹ̀. Ó bọ́ sí ọwọ́ òsì, ó tẹná mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, abẹ́rẹ́ tó ń ka ìyí ẹ́ńjìnnì fò sókè, ṣùgbọ́n mọ́tò kò sún síwájú. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń sáré lójú àlá. Tírélà wà lápá ọ̀tún rẹ̀, bọ́ọ̀sì elérò púpọ̀ sì ń ti ẹ̀yìn bọ̀, ó ń fun fèrè bí ẹni tí ẹ̀mí ń gbé. Òórùn iná gba inú mọ́tò kan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà tètè tẹ búrééki. Ọmọ náà fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó jókòó síbẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi gbọ̀n mọ́.

Kílọ́ọ̀ṣì ló ti ń yọ̀. Agbára wà nínú ẹ́ńjìnnì, kò sí ohun tí yóò gbé e dé ẹsẹ̀ mọ́tò. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe wá sí Ládípọ̀.

"Kí la fẹ́ fi owó mi rà gan-an?"

Kí wọ́n tó wọ àárín ọjà, ìyá náà dúró.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ má bínú o. Kí la fẹ́ fi owó mi rà gan-an?"

Mẹkáníìkì kò bínú. Ó ní: "Ìyá, ẹ mọ ẹ́ńjìnnì ìlọta yín. Kẹ̀kẹ́ irin ńlá méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni ọmọ iṣẹ́ mi ń yí kí iná tó gbà."

"Fuláíwíìlì nìyẹn. Bí iná bá gbá nínú ẹ́ńjìnnì, á tì í lẹ́ẹ̀kan, á sinmi, á tún tì í. Irin wúwo yẹn ló ń gba agbára pamọ́, tó ń gbé e kọjá ibi ìsinmi, kí ata yín lè máa lọ geerege. Mọ́tò náà ní tirẹ̀. Ti mọ́tò wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì."

"Kílọ́ọ̀ṣì wá ńkọ́?"

Mẹkáníìkì na ọwọ́ méjèèjì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ há fìlà rẹ̀ mọ́ àárín. Ó ní ọwọ́ kan ni fuláíwíìlì, ọwọ́ kejì ni pírẹ́ṣọ̀, fìlà ni pléètì kílọ́ọ̀ṣì. Bí ọwọ́ bá há a le, ibi tí ọwọ́ bá yí sí ni fìlà yóò yí sí. Bí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ yóò là díẹ̀, fìlà yóò dúró, ẹ́ńjìnnì yóò máa yí lọ, awakọ̀ yóò sì rí àyè pa gíà dà.

Ó wá sọ ohun tó ń mú kí ìdìmú náà lágbára. Èkíní ni bí ọwọ́ ṣe há a le tó, ìyẹn agbára sípíríǹgì pírẹ́ṣọ̀. Èkejì ni bí ojú pléètì ṣe lè gbá nǹkan mú tó. Ẹ̀kẹta ni bí pléètì náà ṣe fẹ̀ tó, nítorí ẹni tó di ọmọrí ìkòkò mú létí ń yí i ju ẹni tó dì í mú láàárín lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kílọ́ọ̀ṣì tó lágbára, nínú mẹ́ta yìí ni yóò ti wá a. 

"Ó dáa," ni ìyá náà wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Èyí tó ń dán, èyí tó ń há

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sí, ojú ọmọ náà là gbòò. Ọlọ́jà gbé pléètì kan jáde tí kò rí bí pléètì tí a mọ̀. Dípò kí ara tó ń gbá nǹkan mú yí i po bí etí agbada, ẹsẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn bí ìràwọ̀. Seramíìkì ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ náà. Ó tún gbé fuláíwíìlì alumíníọ̀mù kan tì í, ó ń dán gbinrin, irin pẹlẹbẹ kan wà lójú rẹ̀ níbi tí pléètì yóò ti máa gbá a.

"Bọ̀ọ̀dá mi, èyí làwọn tó ń fi mọ́tò díje ń lò. Kò lè yọ̀ láéláé!"

Ọmọ náà ti ń wo ìyá rẹ̀. Mẹkáníìkì ní kí wọ́n ṣe sùúrù.

"Irọ́ kọ́ ló pa, kò ní í yọ̀," ni mẹkáníìkì wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ yìí, Mushin lò ń gbé àbí ibi ìdíje? Seramíìkì kò mọ díẹ̀díẹ̀. Yálà kó gbá a mú pátápátá tàbí kó jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbéra, mọ́tò yóò máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Pírẹ́ṣọ̀ tí wọ́n ń lò mọ́ ọn tún le. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì, ẹsẹ̀ òsì rẹ yóò ti máa gbọ̀n kí o tó dé Ìkẹjà. Gbogbo ìgbà tí o bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni agbára yẹn ń ti kiránkì lẹ́yìn. Bíárìn tó ń gba títì yẹn dúró yóò tètè jẹ."

Ọlọ́jà ní kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ nǹkan tó dára. Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. Ó gbé fuláíwíìlì alumíníọ̀mù náà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja yìnyín tó wà lódìkejì ni wọ́n yá, wọ́n tẹ́ páálí sí i kí ọ́ìlì má baà ta sí i. Alumíníọ̀mù náà kò pé kílò 5. Mẹkáníìkì bọ́ fuláíwíìlì tí wọ́n yọ lára mọ́tò ọmọ náà kúrò nínú àpò tó gbé wá. Ó lé ní kílò 10.

Ìyá aláta wo méjèèjì. Ó gbé alumíníọ̀mù sókè pẹ̀lú ọwọ́ kan.

"Ṣé fífúyẹ́ rẹ̀ yìí ni wọ́n ń tà lówó báyìí?"

Ọmọ rẹ̀ ní: "Màámi, bó bá fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì á tètè máa ta sókè. Kò ní í máa fa ẹrù irin kiri."

Òótọ́ sì ni. Fuláíwíìlì tó fúyẹ́ máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbà bí a bá tẹná, kí ó sì tètè rọ̀ bí a bá fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà mi orí. Ó ní nígbà kan rí, kẹ̀kẹ́ irin ẹ́ńjìnnì ìlọta òun sán. Ẹni tó tún un ṣe kò rí irú rẹ̀, ó wá fi èyí tó fúyẹ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá tan ẹ́ńjìnnì náà lófìfo, á máa pariwo bí akọni. Ìgbà tí wọ́n bá da ẹ̀wà sí i, á kú.

"Ọ̀nà yìí náà ló máa gbà kú sí àárín Òṣòdì," ni ìyá náà wí. "Wọn yóò sì máa fèrè mọ́ ọ."

Mẹkáníìkì kò fi ọ̀rọ̀ kún un. Ohun tó fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Mọ́tò tó ń sáré níbi ìdíje máa ń gbéra lẹ́ẹ̀kan. Mọ́tò ìgboro máa ń gbéra ní gbogbo ìdúró, àti níwájú gbogbo ọlọ́pàá.

Èyí tí wọ́n ṣe mọ́ mọ́tò láti ilé

Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù kejì. Irú fuláíwíìlì tó bá mọ́tò náà wá láti Jámánì ni wọ́n bá níbẹ̀. Kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Méjì ni, wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n sì to sípíríǹgì sáàárín wọn. Ilé iṣẹ́ LuK ní Jámánì ló gbé irú rẹ̀ jáde sí ọjà ní 1985. Iṣẹ́ sípíríǹgì náà ni láti gbé ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì mì kí ó má baà dé gíábọ́ọ̀sì. Ìdí nìyí tí mọ́tò olówó ńlá fi máa ń dákẹ́ rọ́rọ́.

Tuntun rẹ̀ wà, owó rẹ̀ sì mú kí ìyá náà di ìró rẹ̀ mú. Tòkunbọ̀ rẹ̀ náà wà, owó rẹ̀ kò tó ìdajì. Mẹkáníìkì gbé tòkunbọ̀ náà, ó di apá kan mú, ó fi apá kejì síwá sẹ́yìn. Ó yẹ kó sún díẹ̀ kí sípíríǹgì sì dá a padà. Èyí ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ bí eyín arúgbó.

"Sípíríǹgì ti kú," ló wí. "Ẹni tó rà á ti ra wàhálà ẹlòmíràn. Tuntun dára fún ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ti fi agbára kún tìrẹ. Agbára 270 ni yóò máa lu sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún 210. Yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní í pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́."

Bí ìkòkò ṣe ń dún

Ìgbà tí oòrùn ti gun orí ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹta, ọkùnrin kan tó jókòó sáàárín fuláíwíìlì bí ìyá alámọ̀ láàárín ìkòkò. Mẹkáníìkì sọ ohun tó ń wá fún un: fuláíwíìlì onírin kan ṣoṣo tó jẹ́ ti Corrado G60, mọ́tò eré tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1988. Ọkùnrin náà wò ó lójú, ó rẹ́rìn-ín, ó wọ inú lọ. Ó mọ̀ pé ẹni tó mọ ohun tó ń wá ló dé.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún Golf oní-tọ́bò ṣe. Fuláíwíìlì G60 máa ń wọ ẹ́ńjìnnì 1.8 oní-tọ́bò náà láì gé e, láì lù ú. Kílọ́ọ̀ṣì tó bá a mu ni ti Golf VR6, ẹ́ńjìnnì lítà 2.8 tó ní agbára ìyí 235 láti ilé. Ìbú pléètì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 228. Àwọn tó ṣe é fi àyè sílẹ̀ lókè 235 yẹn, kò sì ní seramíìkì kankan. Irú ara tí kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò ilé ní ló ní, tó ń gbá a mú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òfin tí àwọn àgbà iṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé kí agbára ìdìmú kílọ́ọ̀ṣì ju agbára ìyí ẹ́ńjìnnì lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún tàbí nínú mẹ́rin. Bó bá kéré sí i, á yọ̀. Bó bá pọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ àti gíábọ́ọ̀sì ni yóò jìyà rẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Wọ́n gbé G60 náà sórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja. Ó lé díẹ̀ ní kílò 7. Kò wúwo tó ti ilé, kò sì fúyẹ́ bí alumíníọ̀mù.

Mẹkáníìkì kò tíì gbà. Ó nu ojú irin náà, ó wá ibi tí iná ti sọ ọ́ di aró, ó wá ilà tó sán wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi okùn gbé e kọ́, ó fi sípánà kékeré kàn án. Ó dún gbọ̀ọ̀ọ̀n, ohùn rẹ̀ sì pẹ́ kó tó kú. Ìyá aláta rẹ́rìn-ín.

"Bí a ti ń ra ìkòkò nìyẹn!"

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Irin tó ti sán máa ń dún kẹ̀ kẹ̀ bí ìkòkò tó fọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o. Fuláíwíìlì ń yí ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Bó bá fọ́ lórí eré, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín wọn kò lè dá a dúró. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí ènìyàn gbé fuláíwíìlì irin dídà lásán fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ bẹ́ irin, kí ó ní kí wọ́n bẹ́ ẹ tín-ín-rín kó lè fúyẹ́. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà, ewu ńlá ni wọ́n ń tà.

"Yóò wọlé" kò túmọ̀ sí "yóò bá a mu"

Ibi tí ọ̀rọ̀ fẹ́ bàjẹ́ sí nìyí. Ọlọ́jà gbé pírẹ́ṣọ̀ VR6 tuntun jáde nínú páálí, ṣùgbọ́n pléètì tó gbé tì í kò ní sípíríǹgì láàárín. Ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ọ̀gá, ọ̀kan náà ni. Eyín rẹ̀ jọra, yóò wọlé."

"Mo mọ̀ pé yóò wọlé," ni mẹkáníìkì wí. "Èyí wà fún fuláíwíìlì oní-méjì, tí sípíríǹgì wà nínú fuláíwíìlì fúnra rẹ̀. Fuláíwíìlì wa kò ní sípíríǹgì, pléètì wa kò tún ní. Ta ni yóò gbé ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì mì? Gíábọ́ọ̀sì ni! Ẹ fún mi ní èyí tó ní sípíríǹgì láàárín."

Ọlọ́jà wò ó, ó wọ inú padà, ó sì gbé e jáde. Ó wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó kan owó, mẹkáníìkì sún sẹ́yìn, ó fi ìyá aláta síwájú. Kò sí ohun tí a fẹ́ sọ nípa bí obìnrin yẹn ṣe ná ọjà. Ó bú, ó gbàdúrà, ó kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pè é padà lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́jà ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, ó ní kí ìyá wá máa bá òun tajà. Nígbà tí wọ́n parí, ó ṣì ku owó ní ìdí ìró. Kò tó òrùlé, ṣùgbọ́n ó tó páànù díẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì

Ọjọ́ kejì ni wọ́n tò ó. Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fá ojú fuláíwíìlì díẹ̀ kó lè tẹ́. Wọ́n pa rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró lẹ́yìn kiránkì dà, nítorí ẹ̀kán ọ́ìlì kan tó bá ta sí ojú pléètì ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Bíárìn tó ń ti pírẹ́ṣọ̀ náà di tuntun.

Ọmọ náà ní kí wọ́n tún bóòtù àtijọ́ lò, ó ní owó ti tán. Mẹkáníìkì kọ̀. Bóòtù tó de fuláíwíìlì mọ́ kiránkì máa ń nà bí wọ́n bá ti dè é. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó. Ó fi sípánà tó ń ka agbára dè wọ́n ní 60 Nm, lẹ́yìn náà ló tún yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá mẹ́rin àyíká. Kò fi ojú díwọ̀n.

Bí wọ́n ṣe tan mọ́tò, wọ́n gbọ́ ariwo kan lábẹ́, ṣàkàlà-ṣàkàlà, bí èkùrọ́ nínú agbè. Ọmọ náà fò sókè. Mẹkáníìkì ní kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ó tẹ̀ ẹ́, ariwo dákẹ́. Ó fi í sílẹ̀, ariwo padà.

"Owó tí o kò san fún sípíríǹgì Jámánì lo ń gbọ́ yẹn," ni mẹkáníìkì wí. "Kò ní í pa ọ́ lára. Gíà lásán ló ń kanra."

Mọ́tò eré di mọ́tò aláta

Mẹkáníìkì fún un ní òfin kan: kílómítà 800 láìsí eré, kí ojú pléètì àti ojú irin lè jẹ́ra wọn. Ọmọ náà yára ṣírò. Títì Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, jẹ́ nǹkan bíi kílómítà 127. Àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé!

"Rárá o," ni bàbá náà wí. "Bí o bá ti wọ gíà tó ga jù lórí títì, kílọ́ọ̀ṣì kò ṣe nǹkan kan mọ́, ó ń sùn ni. Ìgboro ló ti ń jẹ́ra. Dúró, gbéra, dúró, gbéra."

Ìyá aláta gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni Golf GTI pupa ti ń kó ata àti tòmátò láti ọjà Mile 12 wá sí Mushin. Lójoojúmọ́ ni ọmọ náà ń dúró tó ń gbéra nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, òórùn tàtàṣé ń ti ẹ̀yìn wá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ro ó, mọ́tò kò fò, kò sì kú lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ìgbà tó bá rántí pléètì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, ó ń mi orí.

Nígbà tí 800 pé, ó gbé ìyá rẹ̀ lọ kí àwọn èèyàn wọn ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn Ṣàgámù, ó bá tírélà kan níwájú. Ó wo ẹ̀yìn nínú dígí lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ sí ọwọ́ òsì, ó tẹná. Abẹ́rẹ́ ẹ́ńjìnnì àti abẹ́rẹ́ eré dìde pọ̀ bí ìbejì. Ó ya tírélà náà sílẹ̀, ó padà sí ọ̀nà rẹ̀, kò sì kọjá 100 tí òfin ìrìnnà gbà fún mọ́tò ilé lórí títì ńlá. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Oorun ló ń sùn.

Ní Ìbàdàn, ó gun Òkè Ààre lọ sí ilé gogoro Bower, tí wọ́n kọ́ ní 1936. Ó mọ̀ọ́mọ̀ dúró ní àárín òkè, ó fi búrééki ọwọ́ dì í, ó tún gbéra. Mọ́tò gùn ún bí ewúrẹ́. Lókè, ìyá náà sọ̀kalẹ̀, ó na ara, ó bojú wo ìlú náà. Òrùlé páànù pupa ló kún gbogbo ìsàlẹ̀, bí ojú ṣe lè rí i tó.

"Òrùlé gbogbo ayé ti pé," ló wí. "Ó ku tèmi."

Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ti ń dá àjọ lórúkọ ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Ládípọ̀, ẹ mọ agbára ẹ́ńjìnnì yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ mú ẹni tó mọ iṣẹ́ dání, kí ẹ sì gbé èyí tí ẹ yọ lára mọ́tò lọ́wọ́ láti fi wé e. Ẹni tó bá sọ pé "yóò wọlé", ẹ bi í bóyá yóò bá a mu. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, kí ó ra kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kí ó tó lọ bá àwọn oníkọ̀ǹpútà. Kì í ṣe lẹ́yìn tí tírélà bá ti wà lọ́tùn-ún tí bọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn.